Ilé Tí Mo Pè Ní Aláìparí

Ilé tí mò ń gbé báyìí kò ní igun kankan. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Idigny jáde láti Kétu, tó sì yà sí ọ̀tún níbi tí oko igi tíìkì ti tán, yóò rí i nísàlẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dà lọ sí àfonífojì. Ògiri rẹ̀ pupa bí ilẹ̀ tó dúró lé lórí. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi oṣè ńlá kan, ó yí i ká bí apá ẹni tó gbé ọmọ mọ́ra, ó tẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn, ó tún tẹ̀ padà, débi pé ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà kò lè sọ bí ilé náà ṣe gùn tó. Koríko bẹẹrẹ la fi bo orí rẹ̀. Ó nípọn, etí rẹ̀ sì sún mọ́ ilẹ̀ lápá ẹ̀yìn tó bẹ́ẹ̀ tí ewúrẹ́ lè dúró lórí òkúta kó máa jẹ ẹ́. Àwọn fèrèsé rẹ̀ rí roboto. Òmíràn tóbi bí ẹnu odó, òmíràn kò ju ẹnu ìkòkò ọbẹ̀ lọ. Láti òkèèrè, pàápàá ní ìrọ̀lẹ́, èèyàn lè rò pé ilẹ̀ ló wú síbẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ọmọ mi obìnrin ló ya ilé náà, òun ló sì kọ́ ọ fún mi. Ayàwòrán ilé ni, Kútọnu ló ń gbé, àwọn ènìyàn sì máa ń ti òkèèrè wá gbé iṣẹ́ fún un. Òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí fún mi kó tó kú. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní Pọ́bẹ̀, ó ní òun kò fẹ́ kí n máa yan mọ́ nínú ilé tí mo háyà, tí páànù rẹ̀ ń jó bí iná lọ́sàn-án. Òun á kọ́lé fún mi lórí ilẹ̀ oko bàbá mi. Inú mi dùn. Ó gbé àwòrán rẹ̀ wá, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì oúnjẹ, ó sì fi ife àti àwo tẹ etí ìwé náà mọ́lẹ̀ kó má baà ká.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí mo rí lórí ìwé náà. Jọ́gíráfì ni mo kọ́ ní yunifásítì láyé ọjọ́un, òun náà ni mo sì fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ mi kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé. Àwọn ìlà kọ́lọkọ̀lọ tí wọ́n ń yí ara wọn ká ni mo rí, mo sì pè wọ́n ní ìlà tí a fi ń fi gíga ilẹ̀ hàn nínú máàpù. Mo rò pé ọmọ mi ti wọn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ wa dáadáa kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo ń fi ìka tọ àwọn ìlà náà, mò ń sọ pé èyí dára, èyí dára gan-an. Ojú rẹ̀ tàn. Ìgbà tí wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé ògiri yàrá mi ni mo ti ń yìn látijọ́ náà. N kò rí bí mo ṣe fẹ́ kó ìyìn mi padà mọ́.

Bí ó bá jẹ́ pé títẹ̀ rẹ̀ nìkan ni, ǹ bá fara dà á. Amọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Wọ́n wa ilẹ̀ pupa náà níbẹ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ di bíríkì, wọ́n sì fi amọ̀ kan náà rẹ́ ẹ tinú tẹ̀yìn. Ọmọ mi ṣàlàyé fún mi pé amọ̀ a máa mí, pé ó máa ń tọ́jú òtútù òru di ọ̀sán, àti pé sìmẹ́ǹtì kò gbọdọ̀ kàn án láé, nítorí omi á há sábẹ́ sìmẹ́ǹtì náà, ògiri á máa wú, á sì máa já lulẹ̀. Mò ń mi orí, ṣùgbọ́n ilé bàbá mi ni mò ń rò.

Ilé amọ̀ ni bàbá mi ní ní Kétu. Èmi ni ẹni àkọ́kọ́ ní agbo ilé wa tó dé yunifásítì, ohun àkọ́kọ́ tí mo sì ṣe nígbà tí mo rí iṣẹ́ ni pé mo wó ilé náà, mo fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn, onígun mẹ́rin, páànù lórí, sìmẹ́ǹtì nílẹ̀ àti lára. Àwọn ènìyàn wá láti Adakplamè wá wò ó. Bàbá mi gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó, ó ń gba ìkíni bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó. Lẹ́yìn ìgbà náà, ẹni tó bá ti rí nǹkan díẹ̀ nínú ẹbí á bẹ̀rẹ̀ sí í wó amọ̀ tirẹ̀, wọ́n á ní bí Pròf ṣe ṣe é ni àwọn fẹ́. Pròf, ìyẹn olùkọ́, ni wọ́n ń pè mí títí dòní. Ní agbo ilé wa, bí a bá rí ẹni tó ṣì ń gbé inú amọ̀, a kì í bi í léèrè ohun tó fà á. A mọ̀ pé kò ní.

Mo ṣì máa ń rántí òórùn ilé àtijọ́ yẹn nígbà tí òjò bá kọ́kọ́ rọ̀, àti bí ìyá mi ṣe máa ń kúnlẹ̀, tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra ilẹ̀ yàrá títí á fi máa dán. Ó dùn mọ́ mi láti máa rántí rẹ̀. N kò fìgbà kan rò pé ó máa padà wá di ilé mi.

Ẹni àkọ́kọ́ tó wá kí mi nígbà tí mo kó wọlé ni ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyáálé ìyá mi, tí wọ́n jẹ́ olórí agbo ilé wa báyìí. Ọlọ́kadà tí à ń pè ní zémíjàn ló gbé wọn wá. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n wo ilé náà láti ọ̀tún dé òsì, wọ́n sì rìn yí i ká. Mò ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn bí akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Nígbà tí a padà dé ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi mí pé:

“Ìgbà wo lo máa parí rẹ̀?”

Mo ní, “Ó ku díẹ̀.”

Kò sí ohun tó ṣòro nínú kí n sọ pé ó ti parí. Àánú tó wà lójú ẹ̀gbọ́n mi ni kò jẹ́ kí n lè sọ ọ́. Bí mo bá ní ó ti parí, ìbéèrè tó kàn ni pé ṣé èyí ni ọmọ tí mo rán lọ kàwé dé òkè òkun wá kọ́ fún mi. Mo sọ fún ara mi pé ọmọ mi ni mò ń dáàbò bò, kí wọ́n má baà fi í ṣe yẹ̀yẹ́. N kò gba ara mi gbọ́ nígbà náà pàápàá.

Láti ọjọ́ yẹn ni ilé mi ti di aláìparí. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, mo ní òjò la ń dúró dè kó dá, tàbí pé páànù ń bọ̀ lọ́nà, tàbí pé a máa rẹ́ ẹ ní sìmẹ́ǹtì tó bá yá. N kì í jẹ́ kí àlejò wọlé. Abẹ́ igi oṣè ni mo máa ń gbé àga sí, mo sì máa ń jókòó lọ́nà tí àlejò á fi kọ ẹ̀yìn sí ilé. Nígbà mìíràn ọmọ mi máa ń kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá láti Kútọnu, àwọn òyìnbó a máa wà láàárín wọn, wọ́n á máa ya fọ́tò. Wọ́n á ní kí n sọ bó ṣe rí láti máa gbé inú ilé bẹ́ẹ̀. Èmi á sọ ọ́ ní Faransé tó já gaara, irú èyí tí mo kọ́ ní yunifásítì, màá máa tọ́ka sí ògiri, màá máa tọ́ka sí àfonífojì, ọmọ mi á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Bí wọ́n bá ti lọ, tí ọkùnrin tó ń ṣọ́ oko tíìkì bá yà wá kí mi, màá sọ fún un pé àwọn tó fẹ́ bá wa parí ilé ló wá wò ó. Ní Faransé mo yìn ín, ní èdè tí ìyá mi sọ sí mi létí mo sẹ́ ẹ.

Ohun tí n kò rò tẹ́lẹ̀ ni pé wọ́n á gbà mí gbọ́ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iṣu wá fún mi. Ìyàwó àbúrò mi kan gbé gàrí wá, ó fi aṣọ bò ó kí ojú má baà tì mí. Ọmọ ilé ìwé mi tẹ́lẹ̀ kan, tó ń dáko ní Idigny báyìí, fi alùpùpù gbé àpò àgbàdo wá, ó já a sílẹ̀, kò sì jókòó, ó ní òun ń kánjú. Mo mọ̀ pé kò kánjú. Àwọn obìnrin ìjọ wa wá lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ kan, wọ́n dúró yí mi ká lábẹ́ igi, wọ́n gbàdúrà kí Ọlọ́run bá arákùnrin wọn parí ohun tó dáwọ́ lé, kó má jẹ́ kó kú sínú ìdajì iṣẹ́. Mo ṣe àmín. Mo ṣe é sókè ketekete.

Bẹ́ẹ̀, mo fẹ́ràn ilé náà. Ìyẹn ló burú jù níbẹ̀. Tí mo bá dá wà, mi ò fẹ́ jáde. Ní àárọ̀, oòrùn á gba fèrèsé kékeré kan wọlé, á bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ ibùsùn mi, á máa rọra tọ ara ògiri lọ títí á fi kan àwọn ìwé mi ní ọ̀sán. Ìró òjò lórí koríko yàtọ̀ sí ti páànù. Èèyàn lè gbọ́ ohun tí ẹlòmíràn ń sọ. Ibùsùn mi wà nínú ibi tí ògiri ti tẹ̀ wọnú, bí mo bá sì fẹ̀yìn lélẹ̀ síbẹ̀ lọ́sàn-án gangan, tí ọ̀nà ńlá ń jó ẹsẹ̀ àwọn tó ń lọ ọjà Kétu, ara mi á tutù. Mo máa ń fọwọ́ pa ògiri náà bí èèyàn ṣe ń fọwọ́ pa ara ẹṣin. Tí mo bá gbọ́ ìró alùpùpù, màá jáde síta kíá, màá lọ jókòó sábẹ́ igi, màá gbé ojú ẹni tó wà nínú ìnira wọ̀.

Ó wá di ọjọ́ Sátidé kan. Ọmọ mi ti fóònù pé òun ń bọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ń gbálẹ̀ ẹnu ọ̀nà nígbà tí mo rí ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń bọ̀ láti ẹ̀bá oko tíìkì, àwọn ọkùnrin dúró sẹ́yìn rẹ̀, alùpùpù ń tẹ̀lé e, àwọn obìnrin jókòó sórí wọn pẹ̀lú ìkòkò. Sìmẹ́ǹtì ló wà nínú ọkọ̀ náà, àti iyanrìn, àti páànù tuntun tó ń kọ mànà.

Ní ọ̀dọ̀ wa, ẹni tí iṣẹ́ bá pọ̀ jù fún a máa bẹ ọ̀wẹ̀. Ará ilé, àna àti ọ̀rẹ́ á wá bá a ṣe é pọ̀, òun á sì bọ́ wọn. Ẹni tó ni iṣẹ́ ló máa ń bẹ̀ ẹ́. Wọn kì í dédé gbé ọ̀wẹ̀ wá bá ènìyàn, àfi bó bá jẹ́ ẹni tí ojú ń tì jù láti bẹ̀ ẹ́, nígbà náà wọ́n á tún gbé oúnjẹ tí wọn yóò jẹ wá pẹ̀lú. Bí wọ́n bá sì ti gbé e dé, kò sí bí èèyàn ṣe ń kọ̀ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n wọ bùbá àtijọ́, aṣọ iṣẹ́, ní ọjọ́ orí wọn.

“Pròf,” wọ́n ní, “a mọ̀ pé ojú ń tì ọ́. Lọ jókòó. Ilé rẹ máa parí lónìí.”

Àkókò tó yẹ kí n sọ̀rọ̀ nìyẹn. Mo wo àwọn obìnrin tó ti ń to ààrò, mo wo àwọn ọkùnrin tó ń já àpò, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹni tí mo mọ bàbá wọn. Mo ní ẹ ṣeun, ẹ kú àdúrótì. Mo lọ gbé àga jáde fún àwọn àgbà.

Wọ́n po sìmẹ́ǹtì. Mọlémọlé tó ṣáájú wọn, ọmọ àbúrò bàbá mi, rìn lọ rìn bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pẹ̀lú irinṣẹ́ lọ́wọ́. Ó ní, “Pròf, igun la fi ń bẹ̀rẹ̀. Igun ilé yìí dà?” Ẹnìkan dá a lóhùn pé kó ṣáà bẹ̀rẹ̀ níbikíbi, bó pẹ́ bó yá á pàdé ara rẹ̀ lọ́nà. Obìnrin kan nídìí ààrò ní bí ọkọ òun bá ń bínú nínú irú ilé yìí, ibo lòun fẹ́ sá sí. Èkejì rẹ̀ ní, “Ìwọ ṣáà máa sáré yípo. Á rẹ̀ ẹ́ kó tó bá ọ.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo ń gbọ́ ìró sìmẹ́ǹtì bí wọ́n ṣe ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ amọ̀, pàá, pàá, mo sì ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ọkọ̀ ọmọ mi dé, sìmẹ́ǹtì aláwọ̀ eérú ti bo ara ilé pupa náà láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí fèrèsé kejì. Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó dúró díẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ lára ilẹ̀kùn ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ó wá, ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ kàn án léjìká, inú wọn dùn gan-an.

“Ọmọ wa, o ti ṣe ibi tí agbára rẹ mọ. Bàbá rẹ ti sọ fún wa pé kò tíì parí. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi jẹ́ ẹbí.”

Ó ní, “Bàbá sọ bẹ́ẹ̀?”

“Láti ọjọ́ tó ti kó wọ ibẹ̀.”

Ó yíjú sí mi. Mo ti rò pé ìbínú ni n óò rí. Ohun tí mo rí ni ojú ẹni tó ń padà rántí nǹkan: àwọn ọjọ́ tí òun dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí mò ń fi Faransé yin ilé náà, àga tí mo máa ń gbé sábẹ́ igi, iṣu tó kún ilé ìdáná tí mo sọ pé ọmọ ilé ìwé mi ló fún mi. Ó ń kó wọn jọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó tún yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi, ó dúpẹ́. Ó lọ yí àwọn òṣìṣẹ́ ká, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó bọ́ bàtà, ó so ìró mọ́ ìbàdí, ó gba korobá lọ́wọ́ obìnrin kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọn omi tí wọ́n fi ń po sìmẹ́ǹtì náà.

Kò sọ pé kí wọ́n dúró. Òun ló mọ̀ ju gbogbo wa lọ ohun tí sìmẹ́ǹtì yẹn máa ṣe, síbẹ̀ ó ń gbé omi rẹ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ láti kékeré pé ọmọ kì í já bàbá rẹ̀ nírọ́ lójú èèyàn. Mo jókòó lórí àga, mo ń wò ó bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀, ẹrẹ̀ ń ta sí i lẹ́sẹ̀, kò wo apá ọ̀dọ̀ mi mọ́.

Mo dìde nígbà tí wọ́n fẹ́ rẹ́ ibi tí ògiri ti yí igi oṣè ká. Mo ní kí wọ́n dúró.

“Ilé yìí ti parí,” mo ní. “Ó ti parí láti ọjọ́ tí mo kó wọ inú rẹ̀. Bó ṣe rí nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ṣe fẹ́ràn rẹ̀.”

Mọlémọlé wo irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé irinṣẹ́ náà ló sọ̀rọ̀. Obìnrin tó ń bẹ̀rù ìbínú ọkọ ni ohùn rẹ̀ jáde láti ìdí ààrò:

“Pròf, kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi ń jẹ iṣu wa?”

Ẹ̀rín bú. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àwọn kan fi jókòó sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n sún mọ́ mi, wọ́n sì rẹ ohùn sílẹ̀ kí àwọn tó kù má baà gbọ́. Wọ́n ní ilé dé ilé làwọn ti lọ, àwọn sọ fún gbogbo ènìyàn pé àbúrò àwọn wà nínú ìṣòro, àwọn fi orúkọ bàbá wa bẹ̀ wọ́n.

“O sọ mí di oníbárà,” wọ́n ní, “fún ẹni tí ebi kò pa.”

Mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn níbẹ̀, lórí ilẹ̀ tó tutù náà. Wọn kò ní kí n dìde, wọn kò sì ní kí n má dìde. Èmi ni mo dìde fúnra mi, eékún mi sì ń ró.

Ọmọ mi ti gbé korobá kalẹ̀. Ó sọ fún àwọn mọlémọlé, pẹ̀lú ohùn iṣẹ́ rẹ̀, pé bí ẹ̀gbọ́n bàbá òun bá gbà bẹ́ẹ̀, kí wọ́n bá òun họ ọ́ kúrò kó tó gan. Ẹ̀gbọ́n mi fi orí dá a lóhùn pé àwọn gbà. Wọ́n mú ọkọ́ àti àdá, wọ́n ń họ ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́, wọ́n ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ bí wọ́n ṣe ń họ ọ́. Amọ̀ ń bá sìmẹ́ǹtì wá. Ibi tí wọ́n họ kún fún ojú ọgbẹ́. Ọmọ mi fúnra rẹ̀ mú àdá kan, ó lọ bẹ̀rẹ̀ sí í họ ìdí fèrèsé kejì. Mo lọ bá a níbẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n gbà á. Kò fún mi. Ó ní:

“Ẹ bá ti sọ fún mi, Bàbá. Ǹ bá kọ́ onígun mẹ́rin fún yín.”

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ fún oníbàárà pé kò sí ìyọnu. Bó ṣe sọ ọ́ tán, ẹ̀gbọ́n mi pè mí láti ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tó ti parí, kí n fi inú rẹ̀ han àwọn.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí mi wọ ibẹ̀ nìyẹn. Àwọn àgbà kan tẹ̀lé wa. Mo mú wọn gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó tẹ̀, mo fi ibi tí ibùsùn mi wà hàn wọ́n, mo sọ bí oòrùn ṣe ń rìn lára ògiri, mo sọ ọ̀rọ̀ òjò. Ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu mi ní èdè wa, ó ṣòro díẹ̀, nítorí n kò sọ ọ́ rí ní èdè wa. Ẹ̀gbọ́n mi fi àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri, wọ́n fi í síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

“Ó tutù,” wọ́n ní.

Mo ní, “Ọmọ mi ló ṣe é bẹ́ẹ̀.”

A ń gbọ́ ìró àdá ọmọ mi láti ìta, ó ń gba fèrèsé wọlé, ó sún mọ́ wa tó bẹ́ẹ̀ tí ǹ bá na ọwọ́ jáde kí n kàn án lórí. Mo tún un sọ pé ọmọ mi ló ṣe é, mo gbé ohùn sókè kó lè gbọ́ níta, bí ìgbà tí mo wà níwájú kíláàsì. Ẹ̀gbọ́n mi ní etí àwọn kò dí. Ọwọ́ tó ń họ ògiri níta kò dúró.